Ọ̀rọ̀ Kan Tó Mú Mi Ṣìnà ní Tallinn

Àkùkọ kò tíì kọ ní Bantè ìlú wa tí ìyàwó mi ti ń kan ilẹ̀kùn yàrá mi. "Bàbá Ráfì, takisí ti dé o!" Orúnkún ló ń dùn ún, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni ì bá lọ. Ráfíátù ọmọ wa fẹ́ dúró níwájú àwọn olùkọ́ yunifásítì ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kó lè gba oyè dókítà ní Tallinn, olú ìlú Estonia. Gbogbo ìwé ẹ̀rí tó ti gbà rí, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà. Mo búra pé eléyìí kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi.

Mo gba Savalou dé Kútọnu, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Pàríìsì, mo tún wọ òmíràn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo dé. Òtútù ibẹ̀? Háà! Ẹ̀wù mẹ́ta ni mo wọ̀ sábẹ́ agbádá, eyín mi ṣì ń gbá ara wọn. Ìlú àtijọ́ ni, odi òkúta yí i ká, àwọn ilé ìṣọ́ rẹ̀ dé fìlà pupa. Búrẹ́dì wọn dúdú, ó kan díẹ̀ bí ògì. Mo jẹ ẹ́ tán, mo bèèrè sí i. Ṣùgbọ́n ife kọfí kan, yúrò mẹ́rin! Ní Savalou, owó yẹn á ra iṣu tí ilé kan máa jẹ fún ọjọ́ mélòó kan. N kò mu kọfí mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Ráfíátù jáde ní kùtùkùtù. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró de ọ̀rẹ́ mi kó wá mú yín. Aago mẹ́wàá la máa bẹ̀rẹ̀."

Èmi? Èmi tí mò ń gun alùpùpù láti Bantè dé Tchetti láì bi ẹnikẹ́ni? Mo mú ìwé tó kọ àdírẹ́sì sí, mo bọ́ síta.

Mo fi ìwé han bàbá arúgbó kan, mo nàka síwájú. Ó ní, "Yà, yà." Ta ni wọ́n máa sọ fún pé kó yà tí kò ní yà? Mo yà sọ́tùn-ún, mo bá kànga olókùúta kan pàdé. Mo bi obìnrin kan, mo tún nàka síwájú. "Yà." Mo yà sósì. Kànga yẹn náà ló tún wà níwájú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Aago mẹ́wàá ti kọjá. Omi lé ròrò sí mi lójú. Kí ni mo máa sọ fún ìyá ọmọ yìí?

Obìnrin kan tó ń ta èso tí wọ́n fi ṣúgà yan gbọ́ Faransé. Mo fi ẹjọ́ ìlú wọn sùn ún: "Ní èdè wa, 'yà' ni pé kéèyàn fi ọ̀nà tó ń tọ̀ sílẹ̀. Gbogbo yín lẹ ní kí n yà, mo sì ń yà!"

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ní èdè tiwa, 'bẹ́ẹ̀ ni' ni o. Iwájú tẹ́ ẹ nàka sí yẹn náà ni."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ìtìjú? Mo ká agbádá, mo sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Mo ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yunifásítì, mo wọlé. Ọmọ mi wà lórí ìdúró, ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó rí mi. Ó dákẹ́, ó sì kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Olùkọ́ kan bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀, ó rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo wá àga jókòó. Alihamudulilai! Ara mi wálẹ̀. Wọ́n fún un ní oyè náà.

Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ní kí n dúró de ẹni tó mọ̀nà, mo ń dúró. Nígbà tí mo padà dé Bantè, ìyàwó mi kò bèèrè oyè. Ó ti gbọ́ lórí fóònù.

"Ṣé ẹ bá a níbẹ̀?"

"Mo bá a. Ó kúnlẹ̀ kí mi lójú gbogbo wọn."

Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó rọra jókòó. "Ó kúnlẹ̀? Bàbá Ráfì, mo ti rò pé ìlú òyìnbó ti gbà á lọ́wọ́ wa."