Títóbi Kọ́ Là Á Fi Í Ra Bátìrì

Nígbà tí ọkọ mi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n ta ọkọ̀ kékeré tó fi sílẹ̀. Ó ní ooru Niamey á bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, pé takisí tó obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Grand Marché. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. N kò tà á." Mo kọ́ ọkọ̀ wíwà lójú ọ̀nà oníyanrìn ẹ̀yìn ilé wa ní Banifandou, mo gba ìwé àṣẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á lọ sọ́jà.

Ní ọdún kejì, lákòókò tí ooru ń mú jù, mo yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó dún kẹ́, ó dákẹ́. Inú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó mú mẹkáníìkì rẹ̀ wá láti Kirkissoye, ní òdìkejì odò. Ọkùnrin náà yọ bátìrì tó kú, ó gbé òmíràn dé, ràbàtà, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Kò wọ inú àwo irin tí bátìrì ń jókòó sí, ló bá fi rọ́bà dè é mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Ṣé èyí kò ga jù?"

Ó fi Hausa dá mi lóhùn pé, "Hájíyà, èyí tó tóbi ló lágbára."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ìyàwó, fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́."

Mo fi sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo kábàámọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi ń gbé aṣọ oníbàárà kan lọ sí Kirkissoye. Lórí afárá Kennedy, táyà mi kó sí kòtò kékeré kan. Nǹkan ta pàù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òórùn rọ́bà tó ń jó sì gba inú ọkọ̀ kan. Mo pa ẹ́ńjìnì, mo fi ìborùn wé ọwọ́, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bátìrì náà ga débi pé irin bọ́nẹ́ẹ̀tì ti kan orí rẹ̀ tí wọ́n kọ àmì àròpọ̀ sí. Iná ti sun irin náà di dúdú, rọ́bà sì ti ń yọ́.

Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè. Onítakisí kan yọrí, ó ní, "Lọ pe ọkọ rẹ kó wá gbé nǹkan yìí kúrò lọ́nà!"

Mo ní, "Ọkọ mi wà nínú sàréè. Èmi rèé. Sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi tì í, tàbí kí o pa ẹnu rẹ mọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Òun àti ẹni méjì mìíràn bá mi tì í kúrò lórí afárá. Mo yá sípánà rẹ̀, mo tú bátìrì náà, ó sì fi takisí gbé èmi àti bátìrì dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà níbẹ̀, wọ́n jọ ń mu tíì. Mo gbé bátìrì kalẹ̀ sáàárín ife wọn.

Mẹkáníìkì ní ọ̀nà ni kò dára. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ṣebí mo ti wí fún ọ?"

Mo ní, "Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ wà lórí afárá. Láti òní lọ, èmi ni n ó máa yan bátìrì mi."

Mo padà sídìí ọkọ̀. Mo yọ téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ, mo wọn gígùn àwo irin náà, mo wọn ìbú rẹ̀, mo wọn bó ṣe jìnnà sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo tún wo ẹ̀gbẹ́ tí wáyà àròpọ̀ wà, torí wáyà náà kúrú. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta bátìrì, tí mo fa téèpù yọ, ó rẹ́rìn-ín. "Hájíyà, ṣé aṣọ lo fẹ́ rán fún un ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ fún, kò sì gbọdọ̀ tóbi jù."

Èyí tó kọ́kọ́ gbé wá ti pẹ́ nínú oòrùn. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà lára rẹ̀, ó sì ti jìnnà. Mo kọ̀ ọ́. Mo kọ ìkejì, torí ẹ̀gbẹ́ òdì ni orí àròpọ̀ rẹ̀ wà. Ìkẹta jókòó sínú àwo náà pẹ́ẹ́, irin tó ń dì í mú sì dì í mú.

Ní àràárọ̀ Jímọ́ọ̀ báyìí, mo máa ń tú orí tó ní àmì ìyọkúrò ṣáájú, mo máa fi omi kánún fọ ìdọ̀tí funfun tó bá dì sí i, mo sì máa wo omi inú rẹ̀. Bó bá fà, omi bátìrì inú ike ni mo ń bù sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Abẹ́ igi dóńgóyárò ni mo ń gbé ọkọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ fún ẹbí pé mo ti di ọkùnrin. Kó máa sọ ọ́ lọ.

Lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ obìnrin ẹ̀yà Zarma tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kọ̀, kò ṣíná. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àwa méjèèjì tẹrí sínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ìsọ̀ òdìkejì dìde láti wò wá. Ọ̀kan pariwo pé, "Ẹ pe mẹkáníìkì!"

Ọ̀rẹ́ mi kò tilẹ̀ gbórí sókè. Ó ní, "A ti pè é. Ó ti dé."