Ẹrù Tòkunbọ̀ Tí Wọ́n Ní Kí N Pè Ní Tuntun

Owó ọjà tòkunbọ̀ ni bàbá mi fi tọ́ wa. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Malu Road, ilé wa wà ní Ajégúnlẹ̀, mo sì ti ń jókòó sáàárín fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n àlòkù kí n tó mọ̀wé kà. Bàbá mi kì í parọ́ fún oníbàárà. Bí wọ́n bá bi í bóyá tuntun ni, á ní, "Tòkunbọ̀ ni, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́." Ó kọ́ mi láti máa wo orí síkúrù. Síkúrù tí wọ́n bá ti tú rí, orí rẹ̀ á ti bó.

Mo kàwé nípa kọ̀ǹpútà, mo sì ríṣẹ́ sí ẹ̀ka àwọn ológun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà orílẹ̀-èdè. Mi ò wọ kákí o. Ogun tiwa ò ní ìbọn: àwọn tó ń bá wa jà jókòó síbi tí a ò mọ̀, wọ́n ń wá ọ̀nà àtiwọ inú kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ ogun. Ẹ̀rọ tí a fi ń dí wọn lọ́nà kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá lọ rà. A ó kọ ohun tí a fẹ́ sílẹ̀, àwọn kọngílá á du iṣẹ́ náà, ẹni tó bá mú un á kó ẹrù dé. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta á wá yẹ ẹrù wò: ọ̀gá sójà kan ni alága, akọ̀wé ilé ẹrù ni ìkejì, èmi tí mo mọ ẹ̀rọ ni ìkẹta. Bí ẹnì kan nínú wa ò bá buwọ́ lù ú, ẹrù ò wọlé.

Kọngílá tó mú iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òun náà ló kọ lẹ́tà tí mo fi ríṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan la lọ yẹ ẹrù náà wò ní ilé ìkẹ́rù kan ní Liverpool Road. Páálì tuntun, ọ̀rá tuntun, lébẹ́ẹ̀lì ń dán. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo orí síkúrù. Ó ti bó. Mo ní kí wọ́n tan ọ̀kan. Irú ẹ̀rọ yìí máa ń ka iye wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́, bí mítà ọkọ̀ ṣe ń ka ìrìn. Wọ́n fọ ara rẹ̀, wọn ò rántí mítà. Ọdún mẹ́rin gbáko ló ti fi ṣiṣẹ́ fún ẹni tí a ò mọ̀.

Inú bí mi gan-an. Ẹ̀rọ tó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ta ló mọ ohun tónítọ̀hún fi pamọ́ sínú rẹ̀? Ta ló ń ra àgádágodo àlòkù, nígbà tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ṣì ní kọ́kọ́rọ́ lápò?

"Madam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sign," alága ní. "Wọ́n ti ń pè mí láti òkè. Tó bá yá, a máa ṣàtúnṣe." Akọ̀wé ilé ẹrù ti buwọ́ lù ú ní tiẹ̀, ọ̀nà ilé ló ń wò.

Alàgbà sún mọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọmọ mi, dìde. Just sign am make we go."

"Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe tuntun."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ta ló kọ lẹ́tà fún ẹ? Ọmọ Ajégúnlẹ̀ bíi tìẹ, ta ló mọ̀ ẹ́? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

"Mo dúpẹ́, sà, mo ṣì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́ṣà gan-an ni wọ́n gbà mí láti máa ṣọ́."

Ẹ̀rù bà mí o, kí n má parọ́. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń jẹun. Àmọ́ orúnkún mi wà lórí sìmẹ́ǹtì, mi ò sì gba bírò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi fọ́ọ̀mù tuntun ránṣẹ́ sí mi láti ọ́fíìsì alága. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pé, "Tuntun ni gbogbo ẹrù yìí," orúkọ mi sì wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní bí mi ò bá buwọ́ lù ú, kí n gbàgbé ìgbìmọ̀. Mo mú un lọ sí Malu Road. Bàbá mi ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ro ẹjọ́ mi títí, ó gbọ́ ọ tán.

"Síkúrù ńkọ́?" ó ní.

"Ó ti bó, sà."

"Kí lo wá ń bi mí sí?"

Mo yọ bírò níbẹ̀. Mo fagi lé "Tuntun," mo kọ "Tòkunbọ̀ ni" gàdàgbà sókè rẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo sì dá a padà fún wọn.

Wọ́n yọ mí kúrò nínú ìgbìmọ̀ lóòótọ́. Alàgbà kì í dáhùn ìkíni mi mọ́, síbẹ̀ mo ń kúnlẹ̀ kí i lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Ẹrù náà ṣì wà ní Liverpool Road, fọ́ọ̀mù tí mo kọ̀wé sí sì ti wọ fáìlì rẹ̀, kò ṣeé yọ mọ́. Ẹni méjì ni wọ́n ti fi rọ́pò mi láti ìgbà náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò sì sí èyí tó gbà láti buwọ́ lu abẹ́ ohun tí mo kọ.