Ojú Èbúté àti Ọkọ̀ tí Wọ́n Pa Orúkọ Rẹ̀ Rẹ́

Kí ó tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ ojú omi ni obìnrin yìí ń ṣe ní èbúté. Òun ni wọ́n máa ń rán wọnú ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Yóò dé àṣíborí, yóò mú òòlù kékeré dání, yóò wá máa lu irin ara ọkọ̀ láti orí dé ìdí, etí rẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀. Irin tí ara rẹ̀ dá a máa dún bí agogo. Èyí tó bá ti dógùn-ún nínú, ńṣe ló máa ń dún bí ìgbà téèyàn kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ kì í fẹ́ fojú kàn án, nítorí bó bá ti ní ọkọ̀ kan kò ní í lọ, ẹ̀bẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ ní Ojú Èbúté. Wọ́n fi ń bú u ni o, àmọ́ orúkọ náà dùn mọ́ ọn, ló bá kúkú ń jẹ́ ẹ.

Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀, aláwàdà èèyàn sì ni. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ọkọ kan ṣoṣo ni ìyàwó òun ní, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ kò lóǹkà, kí wọ́n jọ̀ọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí wọ́n má lọ ba ilé òun jẹ́. Nígbà tí orúnkún wá dá obìnrin náà dúró sílé, ẹ̀rù ba télọ̀ pé ìjókòó yóò sọ ọ́ di aláìsàn. Ó gbé tábìlì kékeré kan sí ẹ̀yìn tábìlì tí òun fi ń gé aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé kọ̀ǹpútà ọmọ wọn lé e lórí, ó ní kó máa wo ohun tó bá wù ú.

Ohun tó wù ú kò pẹ́ kó tó dé. Ìkànnì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé ohun tí gbogbo ayé lè rí ni àwọn tó wà níbẹ̀ fi ń wá òótọ́: fọ́tò tí arìnrìn-àjò yà, fídíò tí ẹnì kan fi fóònù ká, àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè. Wọn kì í ṣe ọlọ́pàá, wọn kì í ṣe amí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe é. Ẹni tó mọ igi ń bá wọn wo igi, ẹni tó mọ ọkọ̀ òfuurufú ń bá wọn wo ìyẹn. Lọ́jọ́ kan wọ́n pe ọkọ̀ kan tó ń kó ọkà ní ọkọ̀ elépo, Ojú Èbúté kò sì lè pa á mọ́ra. Ó kọ̀wé sí wọn. Olóòtú ìkànnì náà dúpẹ́, ó sì béèrè bó ṣe mọ̀. Ó fèsì pé inú iṣẹ́ náà lòun dàgbà sí.

Olóòtú ní, “Mà, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìkànnì wa kò mọ̀ yín rí. Ẹ fi ọ̀nà tí ẹ gbà mọ̀ ọ́n hàn án, kí òun náà lè fojú ara rẹ̀ rí i.”

Inú kọ́kọ́ bí i. Nígbà tó yá, ó rí i pé bí òun náà ṣe máa ń ṣe sí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ nìyẹn: ẹ má sọ fún mi pé irin dára, ẹ jẹ́ ká lù ú. Ó fa ìlà yí ibi tó yẹ ká nínú fọ́tò, ó ṣàlàyé rẹ̀ ní kíkún, láti ọjọ́ náà ló sì ti di ara wọn.

Ọ̀ràn tó mú gbogbo wọn lọ́kàn jù lọ wá láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Obìnrin náà kọ̀wé pé ó ti tó oṣù mélòó kan tí òun ti gbúròó ọkọ òun mọ. Àwọn tó ni ọkọ̀ ní àwọn ti tà á, wọ́n ní ẹni tó rà á ti tú u palẹ̀, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ti túká lọ sílé wọn. Ẹnì kankan nínú wọn kò sì délé. Ohùn tí alásè fi ránṣẹ́ kẹ́yìn wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ní wọ́n ti ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ sí ibì kan tí àwọn kò mọ̀, ọ̀gá ọkọ̀ ti bá ọkọ̀ kékeré lọ, ó sì ti kó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lọ. Epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ tán, oúnjẹ náà ti fẹ́ tán.

Nínú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti gbọ́ ohùn náà. Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, “Ta ló wá ń se oúnjẹ fún alásè báyìí?”

Ìyàwó rẹ̀ ti fa kọ̀ǹpútà mọ́ra.

Fọ́tò kan ni ìyàwó alásè ní: ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ní èbúté, iwájú ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú Èbúté rí ibi tí wọ́n ti lẹ irin mọ́ ara ọkọ̀ náà, ó rí gbọọrọ bí àpò ẹ̀wù. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ pamọ́ a máa yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó wá a títí, ó rí fọ́tò ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ tí àpò náà wà lára rẹ̀ níbi kan náà. Ayọ̀ gbé e débi pé ó pe ìyàwó alásè pé òun ti rí i.

Obìnrin kan wà lára wọn tí wọ́n ń pè ní Olójìji, olùkọ́ ìṣirò ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wo òjìji nínú fọ́tò kó sì sọ àkókò tí wọ́n yà á. Ó fi pẹ̀lẹ́tù béèrè bóyá màmá rí ilé tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn. Wọn kò tíì kọ́ ilé náà tán nínú fọ́tò, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń gbé inú rẹ̀ tipẹ́ báyìí. Fọ́tò náà ti pẹ́, láti ìgbà tí ọkọ̀ alásè ṣì ń jẹ́ orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ni èyí tó ti ń jẹ́ orúkọ mìíràn nígbà yẹn.

Ó dun Ojú Èbúté wọnú eegun. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ju àwọn mélòó kan lọ, ó lè dákẹ́. Àmọ́ ó kọ ọ́ sórí ìkànnì pé òun ṣìnà, ó sì kọ bí òun ṣe ṣìnà. Lẹ́yìn náà ló pe ìyàwó alásè.

“Ọmọ mi, ọkọ̀ tí mo sọ yẹn kì í ṣe ti ọkọ rẹ. Mo yára jù. Má bínú. N kò tíì jáwọ́ o.”

Obìnrin náà dá a lóhùn. Ó ní, “Ẹ ṣé, mà. Gbogbo àwọn tí mo ti ń pè, ẹ̀yin nìkan lẹ pè mí padà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: ọkọ̀ méjì lè ní àpò kan náà, kí ni wọn kò lè jọ ní? Orúkọ. Irin ni wọ́n fi ń kọ orúkọ sí iwájú ọkọ̀, wọn a jó o mọ́ ara ọkọ̀, yóò wú sókè díẹ̀. Ọ̀dà lè bo àwọ̀ rẹ̀, kò lè bo wíwú rẹ̀. Bí oòrùn bá fẹ̀gbẹ́ ràn án, òjìji tín-ín-rín yóò wà lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ló bá kọ̀wé sí Olójìji pé ìmọ̀ rẹ̀ ni òun nílò báyìí. Olójìji ṣírò rẹ̀ fún gbogbo etíkun tí sátẹ́láìtì fi ọkọ̀ tí kò rìn hàn, ó ní àárọ̀ kùtùkùtù nìkan ni wọ́n lè rí irú òjìji bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó kù lórí ìkànnì gbà á bí iṣẹ́ ara wọn. Fọ́tò àti fídíò àárọ̀ ni gbogbo wọn ń ṣà: ti apẹja, ti ọkọ àti ìyàwó tuntun, ti àwọn tó ń sáré. Níkẹyìn, ẹnì kan rí fídíò obìnrin tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní eré ìmárale létí òkun. Bí wọ́n ṣe ń nawọ́ sókè, ọkọ̀ dúdú kan dúró sí ẹ̀yìn wọn lókèèrè. Ojú Èbúté fẹ ibẹ̀ sí i. Lábẹ́ orúkọ tuntun náà, ó rí nǹkan tó hàn fírí bí egungun ìhà lábẹ́ awọ.

Kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó pe ọkọ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún un, ó ní kó sáà bá òun ka ohun tó bá rí. Télọ̀ wọ awò tó fi ń ti okùn bọ abẹ́rẹ́, ó ka lẹ́tà kìíní, ó ka èkejì, ó ń ka á lọ bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó kà á débi ìdajì, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Ọkọ̀ alásè nìyí.”

Síbẹ̀, obìnrin náà fi ránṣẹ́ sí Olójìji àti olóòtú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sọ ohun tí ẹnì kejì rí fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ kan náà ni wọ́n kà. Àwọn òkè tó wà lápá òsì fídíò náà sọ etíkun tó jẹ́. Olóòtú kò gbé e sórí ìkànnì, kí àwọn tó ni ọkọ̀ má baà fà á lọ síbòmíràn. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ojú omi àti ọ́fíìsì èbúté ibẹ̀ ló kọ́kọ́ fi lé lọ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo àlàyé Ojú Èbúté, débi pé àwọn náà lè ka orúkọ náà fúnra wọn.

Wọ́n gbé ọkọ̀ kékeré lọ síbẹ̀. Ààyè ni wọ́n bá gbogbo wọn. Omi òjò tí wọ́n fi tapólì gbà ni wọ́n ń mu, ẹja tí wọ́n bá rí pa ni wọ́n ń jẹ. Ẹnì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ni wọ́n ní láti gbé, àwọn tó kù fẹsẹ̀ ara wọn rìn sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí alásè délé, ó pe Ojú Èbúté. Ohùn rẹ̀ ṣì rọ. Ó dúpẹ́ títí, ó wá bi í pé báwo ló ṣe dá ọkọ̀ àwọn mọ̀, nígbà tí kò sí ohun tí wọn kò yí padà lára rẹ̀. Obìnrin náà sọ ti lẹ́tà onírin fún un.

Alásè fèsì. Ó ní, “Mà, àwa ni wọ́n fi okùn sọ̀ kalẹ̀ pé ká gé àwọn lẹ́tà yẹn kúrò ká tó kùn ún. A wo ara wa lójú. A ò gé e. A kàn fi ọ̀dà pa á, a sì sọ fún ọ̀gá pé a ti parí. A ní bóyá ẹnì kan lè rí i.”

Ojú Èbúté na fóònù sí ọkọ rẹ̀, télọ̀ sì bá a kí alásè káàbọ̀.