Ìyá Jẹ́sì àti Ọ̀rọ̀ Pápá Àtijọ́

Ìyá Jẹ́sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, látorí alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù títí dórí àwọn tó ń gbá ilẹ̀. Òun ló ń fọ jẹ́sì, ìyẹn aṣọ táwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀. Ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, iyàrá tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó dé ló sì ń lò títí di báyìí. Iyàrá náà wà lábẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran, òkè rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá ga gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó dé ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Kò ní fèrèsé. Páìpù kan gba òkè kọjá, ó ń kán sínú garawa. Bí garawa bá kún, á gbé e lọ dà nù, á tún gbé e padà sábẹ́ rẹ̀.

Ẹrẹ̀, òógùn, ẹ̀jẹ̀ imú, àwọ̀ koríko tí kì í fẹ́ kúrò lára ṣòkòtò funfun: ohun tó ń bá yí láti àárọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ máa ń fọ èyí tó bá rọrùn, ọwọ́ Ìyá Jẹ́sì ló ń rí sí èyí tó bá lágídí. Orúnkún ti ń dùn ún tipẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ṣé dáadáa ni, á ní, "A dúpẹ́," á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé kò jókòó wo bọ́ọ̀lù rí. Bí wọ́n bá ń gbá a lọ́wọ́ lókè, òun á wà nísàlẹ̀, á máa to aṣọ tí wọ́n máa pààrọ̀ nígbà ìsinmi, á sì máa gbọ́ ẹsẹ̀ èrò gììrìgììrì lókè orí rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló ń wò ó fún àwọn méjèèjì. Díréba ni wọ́n ń pe ọkọ náà, torí òun ló ń wa bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Díẹ̀díẹ̀ lojú náà lọ, títí kò fi rí nǹkan kan mọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń mú un lọ sí pápá. Bó bá jáde nílé, á fọwọ́ tọ ògiri ilé alápatà lọ, á gbọ́ òòlù oníbàtà lápá ọ̀tún, á yà, á di irin àtẹ̀gùn mú títí tó fi máa dé ìjókòó rẹ̀ lẹ́yìn ibi táwọn agbábọ́ọ̀lù ń jókòó sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló máa ń jókòó tì í, tó ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un. Télọ̀ yìí kì í yára sọ̀rọ̀. Gbogbo pápá á ti hó yèè, àwọn èèyàn á ti dì mọ́ra wọn tán, kó tó wá sọ sí i létí pé, "Ó jọ pé a ti gbá a wọlé."

Díréba á ní, "Mo gbọ́. Àwọn ará ìlú kejì náà gbọ́."

Nígbà tó yá, ògiri ìjókòó àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Àwọn ẹnjiníà wá, wọ́n fi òòlù kéékèèké kàn án, wọ́n wojú ara wọn. Wọ́n ní kò ní pẹ́ tí kò ní lè gbé èrò mọ́. Ọ̀nà méjì ló wà: kí ẹgbẹ́ wó pápá náà, kí wọ́n tún un kọ́ sójú ibi tó wà, tàbí kí wọ́n ta ilẹ̀ náà, kí wọ́n lọ kọ́ tuntun sẹ́yìn ìlú létí títì márosẹ̀. Kò sí ibi tí wọn ò ti jiyàn lórí ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọkùnrin kan fìbínú dìde lórí àga, ó jáde lọ tòun ti irun àbọ̀.

Nílé Ìyá Jẹ́sì, nídìí oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ́.

"Bí wọ́n bá kó lọ sẹ́yìn ìlú," Díréba sọ, "báwo ni mo ṣe máa débẹ̀? Ṣé ẹnì kan á máa fà mí lọ́wọ́ bí ọmọ jẹ́léósinmi ni?"

"Bọ́ọ̀sì á máa lọ síbẹ̀, Bàámi," ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, dá a lóhùn.

"Èmi ni mo máa ń wa bọ́ọ̀sì. Wọn kì í wà mí."

Ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, Màámi? Kí lẹ rí sí i?"

"Ẹ jẹ́ kí n kó abọ́," Ìyá Jẹ́sì sọ, ó sì dìde.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó fẹ́ kí wọ́n kó lọ. Ó ti rí àwòrán pápá tuntun lára ògiri ọ́fíìsì. Iyàrá ìfọṣọ ibẹ̀ ní fèrèsé gbàgàdà, oòrùn ń wọlé. Ó fi èyí pa mọ́ fún ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń fi àìsàn pa mọ́.

Wọ́n wá pe ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ó pẹ́, ooru sì mú. Agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kan sọ̀rọ̀ títí ó fi sunkún. Alága, tó fara mọ́ ọn pé kí wọ́n dúró, wá fojú wá Ìyá Jẹ́sì, ó gbà pé ti òun ló máa sọ.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ìyá wa," ó ní. "Ta ló pẹ́ níbí tó wọn?"

Wọ́n gbé gbohùngbohùn fún un. Ó mú un jìnnà sí ẹnu bí aṣọ tó ń ro omi.

"Ẹ kú ìjókòó," ó ní. "Èmi ò mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ò ní fèrèsé. Aṣọ kì í gbẹ níbẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mi kì í lè na ẹ̀yìn mi. Ibi tí fèrèsé bá wà, ẹ gbé mi lọ síbẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ó dúró títí wọ́n fi rín in tán, ó dá gbohùngbohùn padà, ó sì jókòó. Díréba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, Díréba, tó sábà máa ń rìn níwájú, di apá ìyàwó rẹ̀ mú.

"Látìgbà wo ló ti rẹ̀ ọ́ tó báyẹn?"

"Ó ti pẹ́."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

Wọ́n rìn díẹ̀. "Mo máa ń gbọ́ tó o bá ń kérora lójú oorun," ó ní. "Mo rò pé àlá lò ń lá."

"Èmi náà rò pé ẹ kì í gbọ́."

Nígbà tí wọ́n dìbò, àwọn tó ní kí wọ́n tún pápá kọ́ síbẹ̀ ló borí, ṣùgbọ́n ìbò díẹ̀ ni wọ́n fi borí. Wọ́n ń jó láàárín ìgboro. Ohun tí Díréba fẹ́ ló borí, síbẹ̀ kò jáde. Ìjókòó tiẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wó, ìlú mìíràn ni ẹgbẹ́ á sì ti máa gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọdún tí iṣẹ́ bá fi ń lọ. Wọ́n gbé aṣọ fífọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan tó ní ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ńláńlá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá sọ fún Ìyá Jẹ́sì. Ó tẹrí ba lábẹ́ òkè tó dà gẹ̀rẹ́ náà, ó ní, "Ìyá, ẹ ó lè sinmi wàyí."

"Ẹ ṣeun," ó ní, ó sì tẹ̀ síwájú láti máa fún aṣọ.

Ara télọ̀ kò yá lọ́jọ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn níbẹ̀. Díréba ní kí ìyàwó òun wá jókòó ti òun. "Jẹ́ kí aṣọ wà bẹ́ẹ̀," ó ní. Obìnrin náà bọ́ épírọ̀nù rẹ̀, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ sókè.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Wọ́n ń sáré."

"Tiwa ńkọ́?"

"Àwọn náà ń sáré. Ọ̀kan ti fi orúnkún wọ́ ilẹ̀. Ṣòkòtò yẹn ò ní mọ́ mọ́."

"Bọ́ọ̀lù ńkọ́?"

"Mi ò rí i. Hẹn, òun nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni tó wọ dúdú ń fọn fèrè."

"Rẹfirí nìyẹn."

"Aṣọ tiẹ̀ mọ́."

Díréba rẹ́rìn-ín músẹ́. Oòrùn ọ̀sán ràn sí wọn lára. Nígbà tó tún bi í léèrè, kò gbọ́ èsì. Orí ìyàwó rẹ̀ ti wá sí èjìká rẹ̀. Láìpẹ́, gbogbo pápá hó, ìjókòó mì tìtì. Àwọn tó wà níwájú yíjú padà láti dì mọ́ Díréba bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó fọwọ́ dá wọn dúró.

"Kí ló dé?" Ìyá Jẹ́sì ta jí.

"Kò sí nǹkan. Máa sùn."

Ẹgbẹ́ ti kó lọ sí ìlú mìíràn ná. Ara télọ̀ ti yá díẹ̀, ó ra rédíò tuntun, ó ní kí wọ́n máa wá gbọ́ bọ́ọ̀lù nílé òun. Òpópónà ibẹ̀ ṣàjèjì sí Díréba, kòtò pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ìró kankan tó lè fi mọ̀nà. Ìyá Jẹ́sì ló ń mú un lọ, àwọn méjèèjì á máa rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀. Nígbà míì, wọ́n á débẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì, bí wọ́n bá dé ìdajì ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn á ní òun ò lè lọ mọ́. Èkejì kì í bi í pé kí ló dé. Wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀, wọ́n á sì padà sílé.