Ìyá mi buwọ́ lùwé àpò iṣu mẹ́fà

Lónìí, mo ní kí ìyá mi buwọ́ lùwé nítorí àpò iṣu.

Kò tíì pé oṣù kan tí mo ti Borno dé sí Aramọkọ. Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn níbùdó àwa sójà ni kíkó ẹrù wa padà: bẹ́ẹ̀dì, jẹnẹrétọ̀, ìkòkò ìdáná. Ẹrù kankan ò gbọ́dọ̀ gbéra láìní nọ́ńbà. Tó bá sì dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé.

Láàárọ̀ yìí, a fẹ́ kó iṣu ìkórè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò mọ ìgbà tí mo mú máákà, tí mo kọ nọ́ńbà sára àpò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tá a débẹ̀, mo na ìwé sí màámi.

"Ẹ buwọ́ lù ú, mà, pé gbogbo ẹ̀ pé."

Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ka àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n wá wò mí.

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló buwọ́ lùwé pé o ti dé ulé?"

Mo ṣáà ń gbé iṣu wọlé.

Ẹ̀yin sójà tẹ́ ẹ ti délé ṣáájú mi, ta ló buwọ́ lu tiyín?