Mo Ní Kì Í Ṣe Orin Òkú

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àyà mi lè fúyẹ́ díẹ̀. Ẹnu mi ló ba orin tó dára jù lọ tí àwọn ará Ṣakí ì bá gbọ́ jẹ́. Kì í ṣe ẹnu ìjọ, kì í ṣe ẹnu ọ̀tá. Ẹnu tèmi yìí, tí mo fi ń jẹun.

Tíṣà ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì o, ṣùgbọ́n ní Òkè-Ògùn tiwa, ẹni tó bá ti di tíṣà lẹ́ẹ̀kan, tíṣà náà ni wọ́n á máa pè é títí wọ́n á fi sin ín. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orin òyìnbó tí mò ń wí. Olùkọ́ wa kan gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan sórí ẹ̀rọ, ó ní ará Ìlú Ọba ló kọ orin náà sílẹ̀, pé ó ti kú tipẹ́. Obìnrin ló ń kọ ọ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé ọkùnrin ni mo kọ́kọ́ pè é. Àwọn gòjé ńlá, irú èyí tí wọ́n máa ń kì sáàárín orúnkún kí wọ́n tó ta á, ń rọra tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mi ò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, síbẹ̀ omi ti dà lójú mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí.

Àtìgbà náà ni mo ti ń wá orin yẹn kiri. Mo ra kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, téèpù jẹ ẹ́. Mo ra síídì, ó há. Nígbà tí fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì dé, mo wá rí i pé àwọn obìnrin tó ti kọ orin kan ṣoṣo yìí pọ̀ jáǹrẹrẹ. Ọ̀kan ń sáré bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀ ní gáréèjì. Òmíràn ń gbọn ohùn lọ́nà tí ẹ ó fi rò pé òtútù ń mú un. Ìyá àgbàlagbà kan wà láàárín wọn tó dúró gbọnin, tí kò ju ọwọ́, tí kò ju ẹsẹ̀, tó kọ ọ́ bí ẹni ń bá ẹnìkan tó jókòó tì í sọ̀rọ̀. Tìyẹn ni mo gbà. Bí dátà bá ti wà, màá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ kí n tó fẹnu kan nǹkan.

Látìgbà kásẹ́ẹ̀tì ló ti sú àwọn ará àdúgbò. Wọ́n ní orin tí kò nílù, tí kò ṣeé jó, tó ń falẹ̀ bí àwọn tó gbé pósí, kí ni ì bá tún jẹ́ bí kì í bá ṣe orin òkú? Bí mo ṣe di Tíṣà Olórin-Òkú nìyẹn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé e, àwọn ọlọ́kadà gbé e. Ìyàwó mi pàápàá, bí inú bá bí i, á ní, "Olórin-Òkú, oúnjẹ ti délẹ̀ o." Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i lójú wọn, ṣùgbọ́n ó ń ta mí lára bí ata. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá wọn jiyàn pé kì í ṣe orin òkú, orin ọ̀mọ̀wé ni, orin tí èèyàn ń jókòó tì ni. Ẹni tó bá fẹ́ jó, kó lọ wá onílù.

Bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn. Mo ti kà á nínú ìwé kan pé ọ̀rẹ́ òyìnbó tó kọ orin yẹn sílẹ̀ ló kú tó fi jókòó kọ ọ́, pé ẹkún ni gbogbo rẹ̀. Mo kà á tán, mo pa ìwé dé, n kò sì sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Ṣé kí n fún wọn lóhun tí wọn yóò fi máa bú mi ni?

Èmi ni olùdarí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Mo ti tú ọ̀rọ̀ orin náà sí Yorùbá, mo ti kọ dò-rè-mí rẹ̀ sára páálí, ó sì wà lókè àjà mi fún nǹkan bí ogún ọdún, nítorí kò sí ohùn tó lè gbé e. Àwọn ọmọbìnrin wa ní ohùn òkè, tó lè la òrùlé. Ohùn ìsàlẹ̀ ni mò ń wá. Mo ti gba kámú kí obìnrin kan láti Àgọ́-Àrẹ tó wọlé lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Èlùbọ́ ló ń tà, ọjà ló gbé e wá sí Ṣakí. Nígbà tí ìjọ gbé orin, mo gbọ́ nǹkan kan tó ń rìn lábẹ́ ohùn gbogbo wa. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù láti wo ẹni tó ni ín. Ìjọ dúró, pásítọ̀ ń wò mí. Obìnrin náà ti bo ẹnu rẹ̀, ó rò pé òun ló ba orin jẹ́.

Lẹ́yìn ìsìn, mo sáré lé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Ìyá Ìbejì," torí àwọn ìbejì rẹ̀ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ méjèèjì, "ibo lẹ ti rí ohùn yìí?"

Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú, mi ò ní kọ ọ́ sókè mọ́."

Ẹ gbà mí! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Gbogbo Sátidé ló ń gun ọ̀kadà wá fún ìdánrawò, iyẹ̀fun èlùbọ́ á sì wà létí aṣọ rẹ̀. Kò ka ìwé jìnnà, àmọ́ ó mọ dò-rè-mí orin òyìnbó náà láàárín oṣù kan. Ibì kan wà tí ohùn ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Ibẹ̀ ló máa ń fi ẹkún díẹ̀ sí, bí àwọn obìnrin wa ṣe ń fi sí i bí wọ́n bá ń dárò. Bó bá ti fi sí i, màá lu orí dùùrù gbà. "Ẹ yọ ọ́, Ìyá Ìbejì! Òyìnbó kì í sunkún sórin." Ó yọ ọ́. Kí Ọlọ́run foríjì mí, mo jẹ́ kó yọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo bi í pé kí ló ń mú un gun ọ̀kadà nínú eruku báyìí nítorí orin kan ṣoṣo. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní látìgbà tóun ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń pe ohùn òun ní ohùn akọ màlúù. Nílé-ìwé, bí wọ́n bá fẹ́ kọrin níwájú àlejò, wọ́n á ní kóun kàn máa la ẹnu lásán. Ó ní, "Ọjọ́ kan péré, Tíṣà. Kí àwọn èèyàn jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n gbọ́ mi tán, kí n tó kú." Mo ṣèlérí fún un pé ó ti rí i gbà. Àjọ̀dún ìjọ wa ni yóò ti kọ ọ́, níbi tí àwọn akọrin Ìsẹ́yìn, Tẹ̀dé àti Ofiki máa ń péjọ sí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àjọ̀dún pé ni ọkọ rẹ̀ kú. Ó ti oko dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó ní orí ń fọ́ òun. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ mọ bó ṣe rí níhìn-ín. Opó ò gbọ́dọ̀ jáde fún ogójì ọjọ́, áńbọ̀ǹtórí kó dúró níwájú èrò kó máa kọrin. Mo ti ń wá bí màá ṣe fagi lé orin náà nígbà tí ọlọ́kadà tó máa ń gbé e wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, "Ìyá Ìbejì ní kẹ́ ẹ wá bá òun bẹ àwọn èèyàn ọkọ òun. Ó ní òun ṣì fẹ́ kọ orin náà."

Èmi àti díákónì kan la jọ lọ. Ọyẹ́ ti mú gbogbo koríko ojú ọ̀nà gbẹ. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ló gbà wá lálejò, ògbólógbòó ọdẹ tó jẹ́ pé òun ló máa ń sun ìrèmọ̀jé bí ọdẹ kan bá kú ní àgbègbè náà. Ó bu omi fún wa. Ìyá Ìbejì wà nínú yàrá, a rí etí aṣọ dúdú rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀. Mo rojọ́ mi. Bàbá yẹn gbọ́ ọ tán kó tó dáhùn.

Ó ní, "Tíṣà, a kì í mú opó lọ síbi àríyá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín léèrè. Orin yìí, ṣé orin òkú ni? Torí bí ọdẹ bá kú, èmi ni mò ń sun ìrèmọ̀jé rẹ̀. Mo ti sun ún lóko, mo ti sun ún láàárín ọjà, kò sẹ́ni tó dí mi lẹ́nu rí. Ẹni tó ń dárò òkú rẹ̀, ibi tó bá wù ú ló ti ń dárò. Bó bá jẹ́ orin òkú ni, àwa fúnra wa la ó sìn ín wá. A ó jókòó tì í títí yóò fi kọ ọ́ tán."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló tún kù? Bàbá ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. "Bẹ́ẹ̀ ni" lásán ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi. Òótọ́ sì ni. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, n kò pa irọ́ kankan.

Ṣùgbọ́n "orin òkú" tó sọ yẹn nìkan ló wọ̀ mí létí. Díákónì wúkọ́, mo sì rí ẹ̀rín ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, torí òun náà wà lára àwọn tó ń pè mí ní Olórin-Òkú. Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lórí. Mo dìde dúró, mo nàka bí ẹni wà ní kíláàsì.

Mo ní, "Rárá o, Bàbá! Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe orin òkú, kì í ṣe ẹkún, kò sì jọ ìrèmọ̀jé rárá. Orin àwọn ọ̀mọ̀wé ni." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ròyìn àwọn gòjé ńlá. Mo ròyìn àwọn gbọ̀ngàn òyìnbó tí wọ́n ti ń kọ ọ́, níbi tí èèyàn kì í ti í wúkọ́.

Bàbá ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo dákẹ́, ó mi orí. "Ó ti yé mi. A jẹ́ pé kò kan opó." Ó dìde, ó sìn wá sóde. Láti inú yàrá, mo gbọ́ tí Ìyá Ìbejì pe, "Tíṣà," lẹ́ẹ̀kan. Kò pè mí mọ́.

A ti rìn jìnnà kí díákónì tó bi mí pé, "Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí bàbá yẹn ń wá lẹ́nu yín ni?" Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò yí padà. Ìtìjú ni. Mo wò ó pé kí n padà lọ sọ fún ọdẹ pé irọ́ ni mo pa, lójú díákónì, kí ó sì di ohun tí gbogbo ìlú yóò gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. N kò lè ṣe é. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, àmọ́ èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ là á mọ́lẹ̀.

A bẹ ọmọbìnrin kan wá láti Ìbàdàn kó wá kọ ọ́ ní àjọ̀dún, ó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní yunifásítì. Kò ṣi ẹyọ kan kọ. Ohùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sì sí nǹkankan nínú rẹ̀. Àwọn alàgbà tòògbé, àwọn ará Ìsẹ́yìn pàtẹ́wọ́ nítorí ìwà ọmọlúàbí. Mo ń juwọ́ darí orin níwájú wọn, inú mi ń korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ ti kọjá dáadáa, mo lọ bá Ìyá Ìbejì. Orí àpáta ló wà lẹ́yìn ilé, ó ń sá iṣu èlùbọ́. Mo ní kó dárí jì mí. Mo ní ọdún Àjíǹde ń bọ̀, kó wá kọ ọ́ nígbà náà, èmi fúnra mi yóò máa wá gbé e.

Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Tíṣà, bí mo bá ti ọ̀dọ̀ yín dé, ọkọ mi máa ń ní kí n kọ ọ́ fóun. Á gbé àga, á jókòó, kò ní í sọ̀rọ̀ títí màá fi kọ ọ́ tán. Orin náà ni mo fẹ́ fi sìn ín lọ. Ta lẹ fẹ́ kí n wá máa kọ ọ́ fún?"

Òótọ́ tí mo ti pamọ́ láti ọjọ́ yìí ló wá bọ́ lẹ́nu mi, nígbà tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, orin òkú ni. Ọ̀rẹ́ òyìnbó yẹn ló kú tó fi kọ ọ́."

Ó nà ró, ó wò mí. "Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ó ti pẹ́."

"Kẹ́ ẹ tó wá bá wọn nílé wa?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ì bá bú mi, ì bá gbé mi ṣépè, màá gbà á. Ó kàn gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu rẹ̀, ó rìn lọ sí òdìkejì àpáta, ó kẹ́yìn sí mi, ó sì ń tẹ́ ẹ lọ níkọ̀ọ̀kan.