Fọ́tò Iwájú Ilé ní Òkukù

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo jáde nílé ní Mọ́kọ́lá. Àkùkọ aládùúgbò wa kọ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, bí ẹni tó ṣì fẹ́ ro ọ̀rọ̀ náà wò. Báàgì kan péré ni mo gbé kọ́ èjìká: ṣẹ́ẹ̀tì kan, táwẹ́ẹ̀lì, búrẹ́dì, àti kámẹ́rà àtijọ́ tí mo fi ìborùn ìyàwó mi wé. Ìyàwó mi ò mọ̀ pé ìborùn òun ń lọ sí ìrìn àjò.

Ohun tó gbé mi rìn kò ju ọ̀kan lọ. Bùsáyọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń gbé òkè ilé wa, ní ìyá ní Òkukù. Ìjọba fẹ́ fẹ títì tó gba iwájú ilé ìyá náà kọjá, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri. Ọjọ́ Ajé ni katakata ń bọ̀ wá wó o. Ìyá ti rí yàrá méjì lẹ́yìn ìlú, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ṣíbí kan ò ní jáde nínú ilé náà àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ ya àwọn ní fọ́tò níwájú rẹ̀. Kì í ṣe fọ́tò fóònù o. Inú fóònù Bùsáyọ̀ ni gbogbo fọ́tò ìsìnkú bàbá rẹ̀ wà kí olè tó yọ ọ́ lápò rẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá ti sọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní "fọ́tò olè". Wọ́n ní kí ọmọ wọn bá àwọn wá ẹni tó ṣì ń lo fíìmù. Bí Bùsáyọ̀ ṣe kan ilẹ̀kùn mi nìyẹn.

Kámẹ́rà ìgbàlódé ni mo fi ń jẹun. Ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí ni mo máa ń yà. Ti àtijọ́ yìí, ìfẹ́ ọkàn mi ni. Ọwọ́ àwọn ọmọ fọtógíráfà kan tó ti dolóògbé ni mo ti rà á. Iṣẹ́ Rọ́ṣíà ni lẹ́ǹsì rẹ̀, ó sì dàgbà jù mí lọ. Bí ẹ bá fi ojú sí ihò tí à ń wò, ẹni tí ẹ fẹ́ yà á hàn ní méjì. Ẹ ó máa yí lẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀ títí méjèèjì á fi wọnú ara wọn di ẹnì kan, ìgbà náà ni ẹ tó lè tẹ̀ ẹ́. Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀: ihò tí à ń wò yìí kọ́ ni lẹ́ǹsì fi ń ríran. Nínú ihò, gbogbo nǹkan ló hàn kedere, àti èèyàn àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ bí a bá ṣí ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀ gbàgà, ojú èèyàn nìkan ni fíìmù á gbà; ohun tó wà lẹ́yìn á yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Nítorí yíyọ́ yìí ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ní Ìwó Road, mo wọ mọ́tò Òṣogbo. Awakọ̀ wo báàgì mi, ó wo bí mo ṣe gbé e lé itan bí ọmọ tuntun.

"Brọ̀dá, kí lẹ wé sínú ìborùn yẹn?"

"Kámẹ́rà ni."

"Kámẹ́rà? Ẹ ò ní fóònù ni?"

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, torí ọ̀nà jìn, ó sì dáa kí èrò mọ́tò rí nǹkan kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀nà dára títí dé Gbọ̀ngán. Lẹ́yìn ìyẹn, kòtò pọ̀ ju títì lọ. Ní Òṣogbo, mo bọ́ sínú bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lọ sí Ìkìrun, èmi àti obìnrin kan tó di adìyẹ méjì mú lẹ́sẹ̀. Àwọn adìyẹ náà ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé.

Ìkìrun ni mo ti jẹun àárọ̀, ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná. Ewé ni wọ́n ṣì fi ń pọ́n ẹ̀kọ níbẹ̀. Ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ọ̀rá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ewé, ẹ̀kọ ò sì ní òórùn mọ́. Nítòsí ibi tí mo ti jẹun, bàbá kan ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ àtíbàbà páànù. Ojú wọn wù mí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo ní mo fẹ́ ya wọn ní fọ́tò. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n na ọrùn. Ní Ìbàdàn, ẹni tí mo bá gbé kámẹ́rà sí á ti yọ ètè síwájú, á ti dárí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá yìí jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ baálẹ̀. Mo sún mọ́ wọn dáadáa.

"Ṣé ẹsẹ̀ mi wà níbẹ̀?" ni wọ́n bi mí.

"Ojú yín ni mo fẹ́ yà, bàbá."

"Ojú nìkan? Ṣé o fẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa rò pé mọ́tò ti gé mi lẹ́sẹ̀ ni?"

Mo sún sẹ́yìn títí bàtà wọn fi wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó jẹ́ kí n ya ojú, wọ́n ní ìyẹn ni èènì.

Ọ̀kadà ló gbé mi dé Ìnísà. Níbẹ̀, obìnrin oníṣu kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì gbà kí n ya òun, àmọ́ ó ní kí n dúró kí òun pààrọ̀ aṣọ, torí kò sí ẹni tó máa fi aṣọ ọjà ya fọ́tò fíìmù. Ó fi iṣu rẹ̀ síkàáwọ́ mi, ó lọ. Mo ta iṣu méjì kó tó dé. Nígbà tó padà, gèlè rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì dáa, n kò mọ ìgbà tí mo tẹ kámẹ́rà ju bó ṣe yẹ lọ. Bọ́ọ̀sì Òkukù tún ní òun ò ní gbéra àfi tí èrò bá kún. Èrò ò tètè kún. Oòrùn ti ń wọ ẹ̀yìn igi nígbà tí a dé.

Ilé ìyá Bùsáyọ̀ ò ṣòro láti mọ̀, àmì pupa ti fi í hàn láti òkèèrè. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú, fèrèsé mẹ́rin tí wọ́n fi pákó ṣe wà níwájú rẹ̀, àgbàlá gbígbòòrò sì wà láàárín rẹ̀ àti títì. Káfíńtà ni bàbá Bùsáyọ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan fèrèsé wọ̀nyẹn, ó gbẹ́ ẹyẹ kan sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹyẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò jọra. Ìyá ní bó bá ti parí ọ̀kan ló ń gbàgbé bó ṣe gbẹ́ ẹ.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo rìn?"

"A dúpẹ́, mà. Bùsáyọ̀ ní kí n kí yín."

Wọ́n ti wọ léèsì funfun láti ọ̀sán. Wọ́n fún mi ní omi, wọ́n fún mi ní iyán, wọn ò sì bi mí ìdí tí mo fi pẹ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ojú tì mí. Mo gbé àga wọn sí etí àgbàlá lẹ́bàá títì, kí gbogbo ilé lè wà lẹ́yìn wọn. Mo ṣí lẹ́ǹsì sílẹ̀ gbàgà bí mo ṣe máa ń ṣe, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú arúgbó náà dára gan-an nínú ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ yẹn.

"Jẹ́ kí n wò ó," ni wọ́n wí.

Mo gbé kámẹ́rà fún wọn, mo jókòó sórí àga wọn kí wọ́n lè rí bí ó ṣe rí. Wọ́n di ojú kan, wọ́n fi èkejì sí ihò. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Ilé hàn. Àwọn ẹyẹ hàn. Ó dáa. O ṣeun."

Mo lè gba kámẹ́rà mi kí n dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ títí fọ́tò fi máa jáde, ìgbà yẹn ilé ti di erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ iyán wọn.

"Mà, ohun tí ẹ rí nínú ihò yẹn kọ́ ni fíìmù rí. Ojú yín ni fíìmù rí. Ilé á kàn dà bí èéfín lẹ́yìn yín ni."

Wọ́n dá kámẹ́rà padà fún mi.

"Ojú mi? Àwọn ọmọ mi mọ ojú mi. Ilé ni mo ní kí wọ́n pè ọ́ fún."

Ọ̀nà wà tí a lè gbà kí àti èèyàn àti ilé hàn: kí a dín ojú lẹ́ǹsì kù bí ojú abẹ́rẹ́. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó máa gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé ní ìrọ̀lẹ́ kéré, nítorí náà lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ pẹ́ ní ṣíṣí, ẹni tí à ń yà ò sì gbọ́dọ̀ mira. Mo wo iye tó kù nínú fíìmù. Ẹyọ kan ni. Ìkìrun àti Ìnísà ti jẹ ìyókù.

Mo bi ìyá bóyá wọ́n ní odó. Wọ́n ní, ṣé ilé wo ni kò ní odó? Mo yí i dé, mo gbé kámẹ́rà lé e, mo fi ìborùn ìyàwó mi tẹ́ ẹ kó má yẹ̀. Ìyá padà sórí àga. N kò tiẹ̀ ní láti kọ́ wọn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni fọtógíráfà ayé ìgbéyàwó àwọn ṣe máa ń pariwo pé kí àwọn má mí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún. Wọ́n dúró dè mí. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì dì í mú, mo ń ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú.

Obìnrin kan ń ti oko bọ̀, ó ru igi ìdáná. Ó gba ẹ̀yìn mi kọjá.

"Ìyá Bùsáyọ̀, ẹ kú ìjókòó o!"

"Ooo!" Ìyá yíjú sí i, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. "Káàbọ̀ o! Oko ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Lẹ́ǹsì padé láàárín ìbéèrè oko àti ti àwọn ọmọ. Mo gbìyànjú láti yí fíìmù, kò yí mọ́. Ó ti tán.

"Mà, ẹ mira," ni mo wí. Ohùn mi ò dùn.

"Ó kí mi ni," ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì wò mí bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé.

Ní Mọ́kọ́lá, mo lè rìn láti ilé dé ọjà kí n má kí ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má sì kí mi. Ní Òkukù, ẹni tí wọ́n kí tí kò dáhùn, wọ́n á bá a wá olóògùn. Mo wá fíìmù lọ sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò méjì tó wà nílùú. Ọ̀kan ní kò sí, èkejì ní kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ ìyá pé kí n fi fóònù yà á. Wọ́n ní rárá, fọ́tò olè.

Mo sun ilé náà mọ́jú. Láàárọ̀, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọkùnrin ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù jáde. Ṣíbí ló kọ́kọ́ jáde. Ìyá ló mú un dání. Wọ́n di iṣu mẹ́ta fún mi, wọ́n sìn mí dé ìdí mọ́tò. Ní Ìnísà, oníṣu rí mi láti ojú fèrèsé mọ́tò, ó ju ọwọ́ sí mi. Ní Ìkìrun, kò sí ẹnì kankan lábẹ́ àtíbàbà bàbá oníkẹ̀kẹ́. Inú mi bàjẹ́ títí mo fi dé Ìbàdàn, mi ò ní purọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rán mi, mo sì lọ ya ohun tó wù mí.

Ìyàwó mi gba iṣu, ó gba ìborùn rẹ̀, ó gbọ́ òórùn odó lára rẹ̀, ó sì ní kí n jókòó kí n ṣàlàyé. Ọjọ́ kejì ni mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ ara mi, mo fọ fíìmù náà, mo sì tẹ fọ́tò kéékèèké jáde nínú rẹ̀, dúdú àti funfun. Fọ́tò méjì àkọ́kọ́ ti ìyá jáde bí mo ṣe fẹ́: gbogbo ìlà ojú wọn hàn, ilé ò sí níbẹ̀ rárá. Èyí tó kẹ́yìn yàtọ̀. Ilé dúró gbọn-in. Fèrèsé, ìṣó, ẹyẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí kan àmì pupa tó di dúdú. Níwájú rẹ̀, léèsì funfun kan jókòó sórí àga, orí rẹ̀ jẹ́ kìkì èéfín.

Mo pe ìyá lórí fóònù ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé ti lulẹ̀ lánàá.

"Ilé ńkọ́?" ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ.

"Ó hàn, mà. Àwọn ẹyẹ hàn."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ò hàn dáadáa nínú ìyẹn, mà. Ibi tí ẹ ti ń dá ìyá tó ti oko bọ̀ lóhùn ni ó ká yín mọ́. Àmọ́ méjì wà tí ojú yín mọ́ kedere."

"Ìwọ lo ni ìyẹn."

Mo ń gbọ́ adìyẹ níbi tuntun tí wọ́n wà.

"Obìnrin yẹn ló kí mi kẹ́yìn níwájú ilé mi," ni wọ́n wí. "Lánàá, gbogbo ìlú ló wá wo katakata. Kò sí ẹnì kan tó rántí kí mi. Ọwọ́ mi ńkọ́, ṣé ó wà lókè nínú fọ́tò yẹn?"

Mo gbé fọ́tò náà sábẹ́ iná mànàmáná. Nínú èéfín funfun yẹn, nǹkan kan gbéra láti orúnkún lọ sókè.

"Ó wà lókè, mà."

"Ìyẹn ni kí o ṣe ní ńlá fún mi."